Bí Oníkòkò Ṣe Ń Jí Dìde ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọ̀rẹ́ mi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ọ̀rọ̀ sinimá kọ́bọ́ì ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu mi nínú ilé. Ìyàwó ọmọ mi rò pé arán ló ń ṣe mí. Kì í ṣe arán. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo ń sọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo sì lè gbà sọ ọ́ tí ohùn mi ò fi ní há nìyẹn.

Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn ará àtijọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Mo mọ orúkọ ẹni tó jókòó sápá ọ̀tún mi níbi sinimá àkọ́kọ́ tí mo wò láyé mi, mo mọ orúkọ ìyá rẹ̀, mo mọ orúkọ ajá tó sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ̀kankan síbí. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Mo kọ orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn, mo wá wò ó, kò sẹ́ni tó wà láàyè nínú wọn. Ó dà bíi bébà tí àlùfáà wa máa ń kà lọ́jọ́ ìrántí àwọn òkú. Mo fà á ya. Orúkọ tí ọ̀rẹ́ mi ń pè mí àti èyí tí mo ń pè é nìkan ni mo máa lò. Èmi ni Akítọ̀. Òun ni Oníkòkò.

Ibi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú ní Òkè-Ṣópẹ̀n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, la ti pàdé, nígbà tí a ṣì lágbára. Èmi wà nídìí ayùn ńlá tó ń la pákó. Òun ń wa ọkọ̀ agbégilódò, ó máa ń lọ kó igi wá láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lọ́nà Abígí, nínú àwọn igbó etí omi. Tó bá dé lọ́sàn-án Sátidé, eruku á ti bò ó débi pé eyín àti ojú nìkan lèèyàn ń rí. Á bọ́ sílẹ̀, á na ẹ̀yìn, kò ní bèèrè oúnjẹ, kò ní bèèrè ìyàwó. Ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ṣé ọkùnrin yẹn ti dé?"

Ọkùnrin yẹn ni ẹni tó ń fi sinimá hàn wá. Láti Ìjẹ̀bú-Òde ló ti máa ń wá, pẹ̀lú bàtà funfun lẹ́sẹ̀ àti ẹ̀rọ nínú ọkọ̀. Á ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn kan, á tan jẹnẹrétọ̀, àwa á kó bẹ́ǹṣì wọlé. Èdè òyìnbó tí wọ́n ń sọ nínú sinimá náà kì í yé wa. Jẹnẹrétọ̀ gan-an kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ, ká tó wá sọ pé bóyá á yé wa. Ìwé mẹ́fà tí mo kà kò débẹ̀. Àwa fúnra wa la ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, lédè Ìjẹ̀bú. Òyìnbó kan á yọ ìbọn, á la ẹnu, ẹnìkan á sì ti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bá a sọ̀rọ̀: "Ìyá ẹ dà? Lọ pè é wá kó wá wo bí mo ṣe máa ṣe ẹ́." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ìyà ń jẹ níbẹ̀rẹ̀, tó máa gbẹ̀san níkẹyìn, akítọ̀ nìyẹn. Olórí àwọn ìkà ni bọ́ọ̀sì. Àwa náà la ń sọ fíìmù kọ̀ọ̀kan lórúkọ, nítorí kò sẹ́ni tó bìkítà orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, Oníkòkò là ń pè é.

Fíìmù gígùn máa ń wà lára róòlù mẹ́ta, irin róbótó bí ìdérí ìkòkò ńlá. Tí róòlù kan bá tán, iná gbọ̀ngàn á mọ́, àwa á jáde lọ tọ̀, àwa á ra ẹ̀pà, ọkùnrin náà á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí àpótí rẹ̀ láti mú òmíràn.

Nínú róòlù àkọ́kọ́, akítọ̀ pàdé bàbá arúgbó kan lójú ọ̀nà aṣálẹ̀. Ẹṣin ni akítọ̀ gùn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá náà gùn, ìkòkò irin dúdú kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, ó ń dún gbàn-ìn gbàn-ìn bí wọ́n ṣe ń lọ. Akítọ̀ ò fẹ́ kó tẹ̀ lé òun. Ó lé e, ó lé e, ó tún sọ òkúta sí i. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ lé e. Iná mọ́, a lọ tọ̀.

Nígbà tí a padà, àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì yìnbọn fún bàbá náà lẹ́yìn. Ó kàn jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Akítọ̀ kó òkúta lé e lórí títí ó fi bò ó, ó sì gbé ìkòkò dúdú náà lé orí sàréè. Ó pa bọ́ọ̀sì. Ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ lóun nìkan, ó ń kéré, ó ń kéré, lẹ́tà funfun jáde, iná mọ́. Ó yà wá lẹ́nu pé ó yára tán báyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni.

Àwọn kan ti ń gbé bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin bàtà funfun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí àpótí rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, róòlù kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa iná, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ.

Bàbá náà ló jáde. Ó jókòó sétí odò, ó ń fọ ẹsẹ̀.

Ẹnìkan sọ pé, "Ẹ wò ó o, òkú ló ń fọ ẹsẹ̀ yẹn."

"Ó ti lọ gba ìkòkò ẹ̀ lórí sàréè."

Ìyá elẹ́pà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ìgbà tó wà láyé, ṣé ẹ rí i kó fọ ẹsẹ̀? Ọ̀run ló ti lọ kọ́ ìmọ́tótó wá."

Bàbá náà se ẹ̀wà nínú ìkòkò náà. Akítọ̀ fẹ́ gun ẹṣin, ó ré bọ́, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Wọ́n jẹun, wọ́n gbéra, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkòkò ń dún gbàn-ìn gbàn-ìn, ó sì tán. Inú wa ò lè gba ayọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n yí ọkùnrin bàtà funfun ká, wọ́n ní ṣé bó ṣe rí ni pé arúgbó náà jí. Ó wo ojú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Bó ṣe rí nìyẹn."

Nígbà tó tún gbé fíìmù náà wá, bí róòlù àkọ́kọ́ ṣe tán, odò la rí. Ariwo ta. Wọ́n ní kó yọ ọ́ kíákíá, pé ìparí ló fẹ́ fi ṣáájú, pé kò tíì sí ẹni tó kú, kí ló fẹ́ fi ẹni tó jí ṣe. Ó yọ ọ́, ó gbé òmíràn sí i. Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń wò ó ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn. Oníkòkò á kú, a ó sunkún, Oníkòkò á jí, a ó kó bẹ́ǹṣì.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi jẹ́ aláàdúrà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ ìtàn náà fún un, ó dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, pé Ọlọ́run tó jí arúgbó oníkòkò ní ìlú òyìnbó á jí iṣẹ́ ọmọ òun dìde. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wòlíì gan-an ṣe àmín, nítorí ó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ó kàn bọ́ sùtánà sílé kó tó wá ni.

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Akítọ̀, ó ní mo ga, n kì í sì í rẹ́rìn-ín. Èmi náà ní òun ni Oníkòkò, nítorí kò sí igbó tó ń lọ gbé igi tí kì í so ìkòkò ìsebẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Orúkọ náà mọ́ wa lára débi pé àwọn ọmọ wa dàgbà bá a.

Lọ́dún tó kọjá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Wọ́n gbé e káàkiri ilé ìwòsàn títí wọ́n fi ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ jókòó tì í láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Akítọ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló wù mí. Mo fẹ́ rí Oníkòkò kó jí dìde lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Mo ní, "Lọ síbo?"

Ó ní, "Ìwọ náà má ṣe bí ọmọdé."

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà jẹ́ tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá wa wá fíìmù náà lórí fóònù.

Ó ní, "Bàbá, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Oníkòkò."

"Lédè òyìnbó ńkọ́?"

"A ò bèèrè lọ́wọ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ṣeré. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó fíìmù àtijọ́ jọ, ó ń júwe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń júwe ìkòkò. Gbogbo èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, á gbé e wá, èmi àti bàbá rẹ̀ á wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n níyàrá rẹ̀. Kì í ṣe òun, kì í ṣe òun. Síbẹ̀ a wò wọ́n, kò sì dùn wá.

Ọ̀kan wà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá lórí afárá tí wọ́n ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀. A ti wò ó nígbà èwe wa, ariwo ni mo rántí níbẹ̀. Nísinsìnyí, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin náà ni mo ń wò. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọ̀rẹ́ mi tó bá ń wa ọkọ̀ gẹdú sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀kan tún wà, ti opó kan tí kò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gba kànga ọkọ rẹ̀. Nígbà náà, àwa ọkùnrin máa ń pariwo pé kí obìnrin náà kúrò lójú ọ̀nà kí ìjà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó tí ẹ bá rí i. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti kú, tí mo mọ bí ilé ṣe ń rí, mo rí i pé obìnrin náà ni fíìmù náà. Ìkẹta ni ti ẹṣin tó dá wálé láìsí ẹni lórí rẹ̀. Èyí, ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa á. Ó ní òun mọ ohun tó ń wá sọ.

Nígbà tó yá, ọmọ náà pè mí pé òun ti rí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá wò ó bóyá òun náà ni, kó má bàa tún já bàbá òun kulẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a ní Àgọ́-Ìwòyè. A jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó tan fóònù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde, ìkòkò dún gbàn-ìn, mo sì di ọ̀dọ́mọkùnrin padà.

Lẹ́yìn náà ni mo rí odò. Mo ní, "Wọ́n ti gbé e sí i lódì. Ìparí nìyí."

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ."

A ń wò ó lọ. Wọ́n se ẹ̀wà, akítọ̀ ré bọ́, wọ́n gbéra. Wọ́n yìnbọn fún bàbá náà lẹ́yìn. Òkúta, ìkòkò. Akítọ̀ ń kéré, ó ń kéré, lẹ́tà funfun jáde. Mo ní kó jẹ́ ká wo èyí tó kù. Ó ní kò sí èyí tó kù. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó gbé fóònù náà fún mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ibi tó parí sí nìyí. Ó kú ni."

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ká èèyàn lára mọ́, ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Gbogbo ìlú la gbà á gbọ́. A jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Òkè-Ṣópẹ̀n tó ń retí kí arúgbó náà dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà, nípa róòlù mẹ́ta àti àpótí àti ọkùnrin bàtà funfun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè pé, "Ṣé mo lè fi ìparí ṣáájú àárín, kó rí bí ẹ ṣe wò ó?"

Mo ní, "Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Mo kàn máa gé e, màá sì tò ó."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la gbé e lọ fún un. Òjò ń rọ̀ lórí páánù. Ọmọ náà ti aṣọ fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn díẹ̀, ó ki fíláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. A fi ìrọ̀rí gbé ọ̀rẹ́ mi sókè. Ó ti fúyẹ́ débi pé èmi arúgbó nìkan lè gbé e. Mo jókòó tì í, mi ò wo tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Àyà mi ń já pé bóyá ọmọ náà tò ó dáadáa, bóyá kò tò ó dáadáa.

Róòlù àkọ́kọ́ tán. Odò kọ́ ló jáde, ìbọn ni. Ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó òkúta lé arúgbó náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ní, "Ṣé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni?" Ó ní, "Kí lo tún rò pó jẹ́?" Lẹ́tà funfun jáde, ó lọ. Lẹ́yìn náà, odò. Arúgbó náà ń fọ ẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ẹ máa fi ti Ìbàdàn hàn mí."

Mo ní, "Ti Ìbàdàn báwo?"

"Ọdún tí mo gbé pákó lọ síbẹ̀, mo wọ ilé sinimá kan. Oníkòkò ni wọ́n ń fi hàn. Kò jí níbẹ̀."

"O ti mọ̀ láti ìgbà yẹn?"

"Mo mọ̀."

"O ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Kí n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n wá sọ fún ẹ pé mo ti kú?"

Ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Arúgbó inú tẹlifíṣọ̀n ń fi akítọ̀ tó ré bọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi náà ń bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lóhùn mọ́, èjìká nìkan ló ń mì. Ó ní, "Ti Ìbàdàn ò dáa. Tiwa ló dáa." Ó sùn lọ kí ẹ̀wà tó jinná, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé arúgbó náà dìde. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló kú.

Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin dáadáa. Àwọn bíríkìlà da sìmẹ́ǹtì lé e lórí, wọ́n fi síbí ìkọ́lé tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ kí òjò tó dé. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán, mo sì rìn lọ́nà ilé lémi nìkan. Bóyá ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà rí i pé mo ń kéré.

Fíláàṣì náà wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kó méjèèjì sínú rẹ̀, tiwa àti ti Ìbàdàn. Mi ò tíì lè wo tiwa látìgbà náà. Tí mo bá gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ti Ìbàdàn ni mo wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo wò ó dé ìparí. Akítọ̀ kó òkúta, ó gbé ìkòkò lé e, ó lọ. Lẹ́tà funfun jáde, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú.

Mi ò dìde. Ìyàwó ọmọ mi ń gbálẹ̀, ó rí mi bí mo ṣe jókòó tí mo dojú kọ òkùnkùn.

Ó ní, "Bàbá, ó ti tán o. Ṣé kí n pa á?"

Mo ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Ọkùnrin bàtà funfun yẹn ṣì ń wo inú àpótí ẹ̀."